Iṣẹ́ Ta Ni? Àwọn Òṣìṣẹ́ Tí Ń Kọ́ Ìkànnì Òwò

Ọ̀rọ̀ tí a bá ìpàdé ẹ̀ka wa sọ, kí a tó dìbò lórí owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀



Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a gbé wá síwájú yín lónìí. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa fẹ́ ṣí ìkànnì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tó fẹ́ háyà bọ́ọ̀sì wa fún ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà lè rí wa láìkọ́kọ́ wá sí gáréèjì. Èrò tó dára ni. Ìgbìmọ̀ ti gba ìwé iye owó lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta. Àwọn méjì to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹnì kẹta kọ ìlà kan péré pé, "Ìkànnì, gbogbo rẹ̀ pọ̀," ó sì kọ iye owó sí i níwájú. Owó tirẹ̀ ló kéré jù, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti ń sọ pé òun ni kí a mú.

A kò sọ pé ẹni náà kò mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó tí a fẹ́ ná yìí, owó tí a ń yọ nínú owó oṣù wa díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá mọ iye ọwọ́ tó yẹ kó wà nínú iṣẹ́ kan, kò lè mọ èyí tí kò sí níbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ká a. Ní ọdún 1989, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Tim Berners-Lee, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CERN nítòsí ìlú Geneva, kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ nípa ọ̀nà tí a lè gbà so àwọn ìwé inú kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra wọn. Kí ọdún 1990 tó parí, ìkànnì àkọ́kọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Inú kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni ìkànnì náà ń gbé. Ó lẹ ìwé mọ́ kọ̀ǹpútà náà lára, ó fi yíǹkì pupa kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró ti ẹ̀rọ mọ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni ó wà lórí ìkànnì náà, kò sí ẹni tí ń rajà níbẹ̀. Ìkànnì òwò ti òde òní ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi pín.

Ẹ̀yin àgbà nínú wa rántí bí wọ́n ṣe ń kan mọ́lúè. Ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ 911 yóò wà nílẹ̀. Wẹ́dà yóò jó irin ara rẹ̀, káfíńtà yóò kan àga, rìwáyà yóò fa wáyà iná, pẹ́ńtà yóò kùn ún. Bí iná ọkọ̀ bá kú, a kì í lọ bá káfíńtà. Bákan náà ni ti ìkànnì. Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Èkínní ni fọ́máànù iṣẹ́. Òun ni yóò jókòó tì wá, tí yóò béèrè ohun tí a fẹ́, tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀, tí yóò pín iṣẹ́, tí yóò sì dá ọjọ́. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kálukú yóò máa sọ pé òun rò pé ẹnì kejì ni yóò ṣe é.

Èkejì ni ẹni tí ń ya àwòrán ìkànnì, tí wọ́n ń pè ní designer. Òun ni yóò pinnu ibi tí nọ́ńbà fóònù wa yóò wà, bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó, àti ibi tí oníbàárà yóò tẹ̀ kí ó tó lè gba ọkọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí yóò máa ro ti ìyá oníṣòwò tó mú fóònù kékeré lọ́wọ́ nínú oòrùn, tí dátà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. A gbọ́dọ̀ rí àwòrán náà kí a sì fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin télọ̀ mọ̀ ọ́n: ṣọ́ọ̀kì rọrùn láti pa rẹ́, aṣọ tí a ti gé kò ṣeé dá padà.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ń kọ́ ọ gan-an, àwọn developer. Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan ń ṣe iwájú, ìyẹn ohun tí ojú ń rí. Èdè tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ni HTML, tó dà bí irin ara ọkọ̀. CSS, tó dà bí ọ̀dà. Àti JavaScript, tó ń mú kí ilẹ̀kùn ṣí nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn kejì ń ṣe ẹ̀yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Wọ́n ni wọ́n ń rí i pé bí ẹnì kan bá ti gba bọ́ọ̀sì fún Sátidé, ẹlòmíràn kò ní lè gbà á mọ́. Bí ìyàwó méjì bá dé gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ kan náà fún bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ọ̀dà dídán kò ní gbà wá. Ẹ jẹ́ kí a tún bi wọ́n bóyá WordPress ni wọn yóò lò, èyí tó ti wà láti ọdún 2003 tí a sì lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ara ọkọ̀ tí wọ́n ti kàn sílẹ̀ kò gbọdọ̀ san owó ẹni tí wọ́n jó irin fún.

Ẹ̀kẹrin ni ẹni tí ń kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti ẹni tí ń ya fọ́tò. Kọ̀ndọ́kítọ̀ tí ń kígbe pé ọkọ̀ òun dára, tí kò pe ibi tó ń lọ, kò ní rí èrò. Iye èrò tí bọ́ọ̀sì ń gbà, iye owó, ibi tí a ń dé: ohun tí oníbàárà ń wá nìyẹn. Àwa fúnra wa lè kọ ìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì búra pé òun yóò fi wá sí ipò kìíní lórí Google, ẹ sá fún un. Kò sí ẹni tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nílé iṣẹ́ aṣọ, ẹni tó hun aṣọ kọ́ ni ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Kí a wá ẹlòmíràn tí yóò dán an wò lórí fóònù àtijọ́, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára.

Ẹ̀kẹfà ni ti orúkọ àti ilé. Ẹ tẹ́tí síbí dáadáa. Orúkọ ìkànnì dà bí nọ́ńbà ọkọ̀. Ilé tó ń gbé dà bí àyè tí a háyà ní gáréèjì: kọ̀ǹpútà kan tí kì í sùn ni, tí a ń san owó rẹ̀ fún onílé. Kò sí èyí tí a rà títí láé nínú méjèèjì, a óò máa san owó wọn bí àkókò bá ti pé. NiRA ni ń bójú tó àwọn orúkọ tó parí sí .ng ní Nàìjíríà, àwọn aṣojú rẹ̀ sì ni ń tà á. Orúkọ tí a ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kò sọ orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì di tiwa.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tí a mọ̀, tí a kò ní dárúkọ, jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ ìkànnì fún wọn fi ímeèlì ara rẹ̀ gba orúkọ náà. Ó rìnrìn àjò. Nígbà tí owó tún tó san, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé ìkìlọ̀ ń lọ, ẹgbẹ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Orúkọ bọ́, ẹlòmíràn sì gbà á. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kọ orúkọ yẹn sára gbogbo ọkọ̀ wọn. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ọjà àjèjì ni ó ń bá pàdé. Kò sí olè níbẹ̀, ẹ̀yin ará. Kò kàn sí ẹni tó béèrè pé orúkọ ta ni wọ́n fi gbà á ni.

Èkeje ni olùtọ́jú. Ọkọ̀ tí a kò yí ọ́ìlì rẹ̀ yóò dákú lọ́nà. Olùtọ́jú ni yóò máa tún ìkànnì ṣe, tí yóò máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, tí yóò sì máa ṣọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn ajínigbésẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà yóò wà lọ́wọ́ wa, òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ní Nàìjíríà sì sọ pé a gbọ́dọ̀ tọ́jú wọn. Bí wọ́n bá jí wọn lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni wọ́n lára, a ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ tó ń bójú tó o.

Ẹnì kan lè ṣe méjì tàbí mẹ́ta nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, pàápàá fún ìkànnì kékeré bíi tiwa. Ìyẹn kò ní ìjà nínú. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí a kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí a kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe é, kí a sì kọ iye rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni kí ó wà nínú ìwé àdéhùn. Èkínní, orúkọ ẹgbẹ́ àti ímeèlì ẹgbẹ́ ni kí a fi gba orúkọ ìkànnì àti ilé rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé gbogbo wà lọ́wọ́ akọ̀wé àti akápò. Èkejì, kí a kọ ọ́ pé iṣẹ́ tí a sanwó fún di ti ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta, owó oníbàárà, inú àkáǹtì ẹgbẹ́ ní báńkì ni kí ó máa wọ̀ tààrà. Ẹ̀kẹrin, kí a dárúkọ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá parí, àti iye tí yóò máa gbà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n. Ohun tí a kì í fẹ́ kí agbanisíṣẹ́ ṣe sí wa, kí a má ṣe é sí wọn. Bí a bá ti fọwọ́ sí àwòrán, kí a má máa yí i lójoojúmọ́ láìsan owó kún un. Bí iṣẹ́ bá parí, kí a má sọ pé kí wọ́n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọmọ lágbájá mọ kọ̀ǹpútà, kó wá bá wa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ òṣìṣẹ́ náà ń jẹun.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: kí a má dìbò lónìí. Kí a dá ìwé padà fún ẹnì kẹta, kí ó to iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí àwọn méjì yòókù ti ṣe. Bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ní olúwa, tí owó rẹ̀ sì tún kéré jù, òun ni kí a mú. Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ kò jìnnà, owó wa kò sì sí lójú iná.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.