Omi, Afẹ́fẹ́ Gbígbẹ àti Fèrèsé Ṣíṣí: Bí A Ṣe Ń Lo Air Cooler Nílé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kánò

   Àwọn kan nínú yín ti pẹ́ ní Sabon Gari débi pé kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nípa oṣù kẹta àti oṣù kẹrin: ọyẹ́ ti lọ, òjò ò tíì dé, ògiri ilé ń gbóná mọ́jú, ọmọ ọwọ́ ò sì rí oorun sùn. Ẹ̀rọ kan ti wọ ọ̀pọ̀ yàrá yín nítorí àsìkò yìí, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní air cooler. Ó ní fáànù, ó ní ike omi nísàlẹ̀, ó ní táyà kéékèèké tí a fi ń tì í kiri. Òun ni mo bá wá. Ẹ̀rọ tó dára ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ tó fowó rà á ló ti fọwọ́ ara wọn ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹ mọ̀ ń kó ooru inú yàrá dà síta, ìdí nìyẹn tí a fi ń ti fèrèsé pa fún un. Air cooler kì í kó ooru lọ síbì kankan. Pọ́ǹpù kékeré ń fa omi láti inú ike, ó ń dà á sórí páálí oníhò tó wà lẹ́yìn, fáànù á wá máa fa afẹ́fẹ́ gba inú páálí tútù náà kọjá. Omi ara páálí ń gbẹ. Omi ò lè gbẹ láìgba ooru, ara afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ló sì ti ń gbà á. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pàdánù ooru yìí, ó tutù nìyẹn.

Ooru tí omi ń gbà kó tó gbẹ kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá gbé omi lítà kan tó wà ní ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius ka iná títí tó fi hó, ooru tó gbà jẹ́ nǹkan bíi kílójúùlù 335. Kí lítà yẹn kan náà gbẹ tán pátápátá, yóò gba nǹkan bíi 2,400. Ìlọ́po méje ni! Nítorí náà, ẹ̀rọ tó bá gbẹ omi lítà kan láàárín wákàtí kan ti gba ooru tó tó wáàtì 670 lára afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ iná tí fáànù àti pọ́ǹpù jọ ń jẹ lè má ju wáàtì 100 lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí I better pass my neighbour á gbé e dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹ̀rọ amúlétutù lé e. Ìṣirò yìí náà ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra yìnyín sínú ike omi pé kí ẹ fowó yín pamọ́. Kílò kan yìnyín gba nǹkan bíi kílójúùlù 334 péré kó tó yọ́ tán. Omi tó ń gbẹ ló ń ṣiṣẹ́. Yìnyín kàn ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ ni.

Àwọn tó bí wa lò ó kí iná mànàmáná tó dé. Àmù tó wà ní igun yàrá màmá wa àgbà ń làágùn lára, òógùn yẹn ń gbẹ, omi inú rẹ̀ ń tutù. Níbí náà, ní Jígáwà tí kò jìnnà sí wa, Mohammed Bah Abba, tó jẹ́ olùkọ́, gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ó da iyanrìn tútù sáàárín wọn, ó fi aṣọ tútù bo ojú rẹ̀. Ikàn tí kì í ju ọjọ́ 3 lọ kó tó bàjẹ́ lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Ní 2000, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex nítorí iṣẹ́ yìí. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń sọ ìtàn ọkùnrin yìí, nítorí ìyàwó àgbẹ̀ àti ọmọbìnrin tó ń kiri ẹ̀fọ́ ló rò kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dé ìdí ọ̀rọ̀ wàyí. Kí ìpàdé yìí tó bẹ̀rẹ̀, mo so tẹmọ́mítà méjì mọ́ òpó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn ò dé. Ọ̀kan wà lásán; mo fi òwú tútù wé ìdí èkejì. Ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ti bá wa kà wọ́n báyìí: èyí tó wà lásán wà ní 38, èyí tó wé òwú wà ní 20. Ìwọ̀n 18 ló wà láàárín wọn. Ibi tí òwú tútù bá dúró sí ni òpin ibi tí omi gbígbẹ nìkan lè mú afẹ́fẹ́ dé. Ẹ̀rọ inú ilé kì í dé òpin yẹn. Èyí tó bá dára, tí páálí rẹ̀ mọ́, á rin nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ọ̀nà náà. Afẹ́fẹ́ tó wọlé ní 38 á sì jáde ní nǹkan bíi 25 tàbí 26. Ẹni tó bá ti sun yàrá onípáànù ní Kánò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún aláboyún.

Ẹ wá gbé tẹmọ́mítà méjèèjì yìí lọ sí Èkó. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ooru mú níbẹ̀, èyí tó wà lásán lè wà ní 32, kí afẹ́fẹ́ sì ti gbé ìdá 75 nínú 100 omi tó lè gbé. Olówùú á dúró ní nǹkan bíi 28. Ìwọ̀n 4 péré! Ẹ̀rọ á sa gbogbo ipá rẹ̀, afẹ́fẹ́ á jáde ní 29, ọ̀rinrin rẹ̀ á sì ti pọ̀ débi pé òógùn ara ẹni ò ní rí ibi gbẹ sí. Ẹni tó bá tà á fún ará Èkó tó pè é ní ẹ̀rọ amúlétutù tí kì í jẹ iná ti rẹ́ ẹ jẹ. Ó yẹ kí a kọ ọ́ sára páálí tí wọ́n fi dì í pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Bí àbúrò yín bá tẹ̀ yín láago láti Àjẹgúnlẹ̀ pé kí ẹ bá òun ra ọ̀kan, ẹ sọ fún un pé kó ra fáànù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kánò lè fi ọwọ́ ara yín kó Èkó wọ yàrá. Mo gbé tẹmọ́mítà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí èémí gbogbo wa nínú gbọ̀ngàn yìí ti ń sọ afẹ́fẹ́ di ọlọ́rinrin. Bí ẹ bá ti fèrèsé àti ìlẹ̀kùn pa, tí ẹ tan ẹ̀rọ, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀, àfi pé tiyín yára jù. Ẹ̀rọ á fa afẹ́fẹ́ tó ti rin lẹ́ẹ̀kan padà, á tún rin ín. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ á dùn. Lẹ́yìn náà, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀, aṣọ ìbùsùn á tutù bí ẹni pé a sá a lábẹ́ ìrì, ìlẹ̀kùn onígi á wú, èlùbọ́ tó wà lábẹ́ ibùsùn á bu. Ẹni tó ní ikọ́ fée á sì máa mí pẹ̀lú ìnira. Wọ́n á ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́; a ti fèrèsé mọ́ ọn ni.

Ẹ kọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ sí fèrèsé tó ṣí, kó lè máa fa afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti ìta. Ẹ wá ṣí òmíràn díẹ̀ ní òdìkejì, nítòsí ibi tí ẹ ń sùn, kí afẹ́fẹ́ tó ti rin rí ibi jáde. Bí ẹ bá gbé pépà tínrín sí ojú fèrèsé kejì yìí, tí atẹ́gùn ń tì í síta, ó ti tọ́ nìyẹn. Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ìyá ń bẹ̀rù: olè àti ẹ̀fọn. Irin ojú fèrèsé wà fún olè, nẹ́ẹ̀tì wà fún ẹ̀fọn, méjèèjì ò sì ní dí afẹ́fẹ́ lọ́nà púpọ̀.

Ẹ̀fọn tún lè jáde láti inú ike omi fúnra rẹ̀. Ní Delhi, lórílẹ̀-èdè India, níbi tí air cooler pọ̀ púpọ̀, àwọn wolé-wolé ń yẹ inú rẹ̀ wò láti ilé dé ilé nítorí àìsàn dengue, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí wọ́n bá bá tanwíjí nínú tirẹ̀. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹyin ẹ̀fọn tó di ẹ̀fọn tó ń fò, torí náà ẹ da omi náà nù pátápátá kó tó pé ọ̀sẹ̀, kí ẹ fọ ike, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Omi kànga oníyọ̀ máa ń fi èépá funfun sílẹ̀ lára páálí, eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ ò sì ní ráyè kọjá mọ́. Ọtí kíkan tí a là mọ́ omi á yọ ọ́.

Lọ́sàn-án gbígbẹ, ẹ̀rọ kékeré lè mu lítà 2 tàbí 3 ní wákàtí kan, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì ńlá kan lójúmọ́ lọ́wọ́ mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri. Ilé tó jẹ́ pé omi mímu gan-an ló ṣòro fún, ẹ má tan án. Ẹ fi aṣọ tútù nu ara ọmọ, kí ẹ gbé fáànù sí i.

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa láti oṣù kẹfà, ẹ óò rí i pé tẹmọ́mítà méjèèjì ti ń sún mọ́ ara wọn. Nígbà náà, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ yọ páálí jáde, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó wé e sínú ọ̀rá. Fáànù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ láìsí omi, ẹ lè máa lò ó bẹ́ẹ̀ títí òjò á fi lọ.