Ta Ló Ń Ka Èéfín ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́?



Ní agbègbè wa yìí, láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ̀n, ta ni kò mọ ibà Lassa? A mọ eku tí ń fà á, a mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀, NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, sì ń ka àwọn tó kó o lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó gbilẹ̀ ní 2018, ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó fojú winá rẹ̀ jù lọ. Kíkà tí wọ́n ń kà á ló jẹ́ kí ìjọba mọ ibi tó yẹ kí wọ́n kó oògùn àti dókítà lọ. Èéfín ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé èéfín inú ilé nìkan pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lágbàáyé ní 2020. Ìyá tó ń yan gààrí ní Ìdóàní ń fà á símú láti ọdún dé ọdún, kò sì sẹ́ni tó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Eruku inú èéfín tí mò ń sọ kò ṣeé fi ojú rí lọ́kọ̀ọ̀kan. PM2.5 ni àwọn onímọ̀ ń pè é: kò fẹ̀ ju máíkírómítà 2.5 lọ, bẹ́ẹ̀ irun orí kan ṣoṣo fẹ̀ tó nǹkan bíi 70. Ìdí nìyẹn tó fi ń kọjá imú àti ọ̀fun lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 2021, WHO ní kó má ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan láàárín wákàtí 24. Nínú àhéré tí wọ́n ti ń fi igi tútù dáná, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni ó ń jẹ́ bí iná bá ti mú.

Ẹ̀rọ ńlá tí ìjọba ìlú òkèèrè ń gbé sórí òrùlé láti wọn afẹ́fẹ́ lè gba ẹgbẹẹgbàárùn-ún dọ́là. Afẹ́fẹ́ orí òrùlé ló sì ń wọ̀n. Ìyá wa kò gbé orí òrùlé. Ó dáná kí ilẹ̀ tó mọ́, ó gun ọ̀kadà gba títì tí ọkọ̀ akẹ́rù ń tú èéfín dúdú sí, ó jókòó ti agbada gààrí títí di ọ̀sán, lálẹ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀. Lára rẹ̀ ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wà, ó kéré tó ohun tí a lè so mọ́ aṣọ. Fáànù kékeré ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, iná léésà ń tàn sí eruku tó ń kọjá, ojú kékeré kan sì ń ka bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń fọ́n ká. Èyí tó ń ṣe kíkà yìí nínú rẹ̀ kò ju 50 dọ́là lọ. Àmọ́ ẹ má gbà á gbọ́ láìṣe àyẹ̀wò. Bí òjò bá ti mú kí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, eruku a mu omi, a wú, ẹ̀rọ a sì kà á ju bó ṣe jẹ́ lọ. Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń ti aṣálẹ̀ wá tóbi ju ohun tó lè rí dáadáa lọ, ẹ̀rọ a sì kà á dín. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e ti ẹ̀rọ ńlá tó péye, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ká fi mọ bí a ó ṣe máa tún iye rẹ̀ ṣe.

A rí àpẹẹrẹ lílo ẹ̀rọ kékeré ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Chicago àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti gba aláboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosín dáná. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù ẹtánọ́ọ̀lì, ìyókù ń bá tiwọn lọ, wọ́n sì ní kí àwọn ìyá gbé ẹ̀rọ kékeré kiri. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń bá tiwọn lọ ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìdá 1.9 péré ni ti àwọn tó gba sítóòfù. Láàárín àwọn tó ti ń lo kẹrosín ni ìyàtọ̀ náà ti hàn jù. Ní Kampala, láti 2015, AirQo ti Yunifásítì Makerere ń ṣe ẹ̀rọ tiwọn fúnra wọn, wọ́n tilẹ̀ ń gbé e sórí ọ̀kadà.

N kò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé àwọn ìyá wa kò mọ̀ pé èéfín burú. Wọ́n mọ̀. Ojú tiwọn ló ń ta, ikọ́ tiwọn ni kì í lọ. Owó gáàsì ni kò sí, ihò èéfín kò sì sí lórí àhéré gààrí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ so ẹ̀rọ mọ́ ìyá kan lára, kó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì padà wá sọ ohun tó rí fún un ní èdè tó gbọ́. Iye tí a kà tí a kò sì fi tún ààrò ṣe, olè ni a ja ìyá yẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ Rufus Giwa Polytechnic àti Achievers University, ẹ ní akẹ́kọ̀ọ́ tó lè to ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, owó rẹ̀ kò tó ti ọkọ̀ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí.