Òkun Lẹ́nu Àwa Ará Orí Òkè

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín gbé yẹ̀ wò: òkun. Ẹ lè béèrè pé, kí ni ó kan àwa ọmọ Ìdáàṣà, tí a ń gbé láàrin òkè 41, nípa omi tí ó jìnnà sí wa tó bí 200 kìlómítà? Ó kàn wá gidigidi.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di kátíkíìsì, mo fi ọwọ́ kọ ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọdé, n kò sì fi àmì ohùn sí i. Ọmọ tí ó kà á sókè wí pé Jésù rìn lórí okùn. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́, ẹ̀bi tèmi ni. Òkun ni omi ńlá; okun ni agbára; okùn ni a fi ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀, ohùn ni ó yà wọ́n.

Òkun tí Jésù rìn lórí rẹ̀ pàápàá kì í ṣe irú èyí tí ó wà ní Cotonou. Omi dídùn ni òkun Gálílì. Gígùn rẹ̀ tó bí 21 kìlómítà, ìbú rẹ̀ tó bí 13. Mátíù, Máàkù àti Jòhánù pè é ní òkun. Adágún ni Lúùkù pè é. Síbẹ̀, ìjì ibẹ̀ tó láti dẹ́rù ba àwọn apẹja.

Lẹ́nu àwọn baba ńlá wa, òkun jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹkún. Àwọn òkè wọ̀nyí ni wọ́n sá sí nígbà tí àwọn ọmọ ogun Danhomè ń kó ènìyàn lẹ́rú. Àwọn tí ọwọ́ bá tẹ̀, tí a sì mú dé Ouidah, inú ọkọ̀ ni a ń kó wọn sí lọ sí òdìkejì òkun. Ìyá wọn kò tún gbúròó wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ní etí òkun Ouidah kan náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1861, ni Fáda Francesco Borghero gúnlẹ̀ pẹ̀lú Ìhìnrere. Ọ̀nà tí ẹkún gbà lọ ni ọ̀rọ̀ ìyè gbà wọlé. Ìyè náà kò sọ ẹkún yẹn di ohun kékeré. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ọ̀kan pa èkejì mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń pìtàn fún àwọn ọmọ wa.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ wa ń lé òkè òkun. Ọmọ orí òkè sọ̀kalẹ̀, ó ń wá òkè mìíràn lẹ́yìn omi. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ni ó ti bá inú ọkọ̀ kékeré lọ nínú òkun Mẹditaréníà. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ta ilẹ̀ láti fi rán ọmọ lọ, ẹ béèrè ọ̀nà tí yóò gbà. Àwọn àgbà wí pé òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Nínú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ni Ìjọ ń ké pe Màríà ní Ìràwọ̀ Òkun. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé *stilla maris*, ẹ̀kán omi òkun, ni Jérómù Mímọ́ kọ gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, kí àwọn adàwékọ tó sọ ọ́ di *stella maris*, ìràwọ̀ òkun. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì kọ. Àṣìṣe tèmi mú ẹ̀rín wá. Tiwọn di orúkọ tí àwọn atukọ̀ ń fi gbàdúrà.

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, àwọn ará etí òkun ń gòkè wá bá wa níbi ihò àpáta Màríà ní Arigbo. Nígbà tí ẹ bá ń kí wọn káàbọ̀, ẹ rántí àwọn tí òkun gbé lọ, kí ẹ sì gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa tí ó wà lójú ọ̀nà. Kí Ìyá wa, Ìràwọ̀ Òkun, tọ́ wọn dé èbúté ayọ̀. Àmín.