Ta Ni "Ọ̀gágun" Gan-an?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, wọ́n gbé ọmọ Ẹritríà kan láti Sudan lọ sí Ítálì. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé òun ni "Ọ̀gágun", ògbóǹtarìgì tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn láti Líbíà lọ sí Yúróòpù. Ó ní òun kọ́. Ó lé lọ́dún mẹ́ta tó fi wà látìmọ́lé. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ilé ẹjọ́ Palermo ní ẹlòmíì ni wọ́n mú. Ẹ̀sùn tó kéré sí ti àkọ́kọ́ ni wọ́n dá a lẹ́bi lé lórí, wọ́n sì ní kó máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe afurasí ní ọ̀daràn kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀.