Fáírọ́ọ̀sì Tó Ń Pa Ọmọ Alángbá Onírùngbọ̀n

Alángbá onírùngbọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sìn nínú ilé, Ọsirélíà ló ti ṣẹ̀ wá. Ìbátan alángbá orí ògiri wa ni. Fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ adenovirus ń bá a jà. Ìgbẹ́ ló ń gbà ràn: ọ̀kan á yàgbẹ́ sínú abọ́ omi, èkejì á mu ún. Àgbà lè máa gbé e kiri kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Àwọn ọmọ ló ṣeni láàánú: wọn ò ní dàgbà, orí wọn á máa yí sókè, ẹlòmíì á kú lójijì. Kò sí oògùn rẹ̀.

Dókítà ẹran á fi òwú orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ nu ihò ìdí alángbá náà fún àyẹ̀wò PCR, tó ń wá fáírọ́ọ̀sì náà. Bí èsì bá ní kò sí, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀ o, torí fáírọ́ọ̀sì náà kì í bá ìgbẹ́ jáde nígbà gbogbo. Ẹ̀yin ará wa tó ń sìn ín lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sọ́tọ̀ fún nǹkan bí 90 ọjọ́, kẹ́ ẹ sì tún un yẹ̀ wò.