Kíríkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà: Ọjọ́ Ayò Méje àti Ọjọ́ Ayò Méjì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ki íápíìsì bọ etí nínú dánfó láti Òkòkòmáìkò lọ sí Mile 2, ẹ kú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ. Ọlọ́run á mú yín délé.

Lọ́jọ́ kan, mo bi àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí Ọ̀jọ́ Cantonment pé ta ni wọ́n mọ̀ nínú ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà. Ọ̀kan wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Brọ̀dá, ṣé Nàìjíríà náà ń ṣe ìyẹn?" Mi ò bínú sí i. Èmi náà rò tẹ́lẹ̀ pé eré àwọn ará Íńdíà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká sọ ọ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà ní ṣókí. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi pákó gbá a, á sì sáré lọ sí òdìkejì kó tó ka ayò kan. Bó bá gbá a kọjá ààlà pápá, ayò mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní T20, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù 120 láti gbá. Ẹni tí ayò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Eré yìí kì í ṣe àlejò ní Èkó rárá. Ní 1904, Èkó àti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, ti kojú ara wọn. Ẹ rántí pé 1930 ni World Cup bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wáyé. Nígbà ayé òyìnbó, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ni ti àwa ọmọ ilẹ̀, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ni ti àwọn òyìnbó, kí wọ́n tó wá parapọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, abẹ́ orúkọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà la wà nínú àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, ICC. 2002 la tó dá dúró lórúkọ ara wa.

Ní 2019 ni nǹkan yí padà, nítorí ICC ṣí ìlẹ̀kùn T20 àgbáyé fún gbogbo orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ọkùnrin wa lọ gbá ìdíje Áfíríkà ní Kampala. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ sọ́nù, àmọ́ ICC dá Zimbabwe dúró, wọ́n sì fi wá rọ́pò wọn nínú ìdíje tó kàn ní Dubai àti Abu Dhabi. Eré mẹ́fà la gbá níbẹ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la pàdánù. Àyè tí èèyàn rí nítorí pé ẹlòmíì ṣubú, ó dáa, àmọ́ kì í sọ èèyàn di akọni lóòjọ́.

Ẹ wá gbọ́ ọjọ́ ayò méje. November 24, 2024, nílé wa níbí, Nàìjíríà gba ayò 271. Selim Salau nìkan gba 112. Ivory Coast wá gba ayò méje péré. Méje o! Kò sí ikọ̀ ọkùnrin tó tíì gba iye tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú T20 àgbáyé. Íńtánẹ́ẹ̀tì gbóná lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: Ivory Coast ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agbo ni. Ẹni tó na ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ò lè torí ẹ̀ pe ara ẹ̀ ní jagunjagun. Nígbà tí ìdíje Áfíríkà dé Harare ní 2025, Zimbabwe àti Namibia ló kó tíkẹ́ẹ̀tì World Cup 2026 lọ.

Ọjọ́ ayò méjì ló wà lọ́kàn mi. January 20, 2025, ìlú Kuching ní Malaysia, World Cup àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọdún 19 lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ wa níbẹ̀ nìyẹn. Òjò gé eré kúrú sí bọ́ọ̀lù 78. Lucky Piety ni balógun wa. A gba ayò 65. Nígbà tó ku bọ́ọ̀lù mẹ́fà, New Zealand ń wá ayò mẹ́sàn-án. Lillian Udeh mú bọ́ọ̀lù, ayò mẹ́fà péré ló jẹ́ kí wọ́n rí. 65 sí 63. Ọmọ wa fi ayò méjì na New Zealand!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ayò méjì yẹn wúwo ju 264 tá a fi ju Ivory Coast lọ.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn lẹ́yìn ọdún 19? Bí kò bá sí eré púpọ̀ fún wọn pẹ̀lú àwọn ikọ̀ tó lágbára, ìwé á gbé òmíì lọ, iṣẹ́ á gbé òmíì lọ, ìtàn Kuching á sì di fídíò àtijọ́ lórí fóònù. Kì í ṣe iye èèyàn ló ń gbayò. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ni èèyàn Namibia, síbẹ̀ wọ́n na South Africa ní Windhoek ní October 2025. Uganda fi Zimbabwe sílẹ̀, wọ́n lọ World Cup 2024. Eré lóòrèkóòrè, pápá, olùkọ́: ibẹ̀ ni àṣírí wà.

Pápá kíríkẹ́ẹ̀tì TBS wà ní Oníkan. Láti ọ̀dọ̀ wa, èèyàn á wọ bọ́ọ̀sì dé Mile 2 kó tó wọ rélùwéè lọ sí Marina. Òkòkòmáìkò ni wọ́n ní rélùwéè yẹn máa dé. Mile 2 ló ṣì dúró sí. Bí kíríkẹ́ẹ̀tì wa náà ṣe rí nìyẹn: ó ti gbéra, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ọ̀jọ́, ọmọ Ìbà.

Àmọ́ a ò ní jókòó dè é. Pákó pẹlẹbẹ kan, bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì kan, àpótí mínírà tó dúró lẹ́yìn: ọmọdé lè bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò. World Cup T20 àwọn ọkùnrin ti 2028 ń bọ̀ ní Australia àti New Zealand. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí olùkọ́ eré ìdárayá kan tẹ́ ẹ mọ̀. Ó dìgbà kan ná o.