Íntánẹ́ẹ̀tì ta ni kí ẹ rà tí ẹ bá fẹ́ gbé server sílé ní Òkè-Ògùn?

 

Ìbéèrè tí a fẹ́ tú wò lónìí ni èyí: "Mo fẹ́ gbé server ti ara mi sílé, íntánẹ́ẹ̀tì ta ni kí n rà?" Bí ẹ bá bi ẹni mẹ́wàá, orúkọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ sílẹ̀ ná. Kí ni ẹ fẹ́ fi server ọ̀hún ṣe?

Server ò ju kọ̀ǹpútà tí kì í sùn lọ, tó ń dúró de ẹni tó máa wá béèrè nǹkan. Ká ní ìdílé yín ń hun aṣọ òfì n'Ísẹ́yìn. Fọ́tò aṣọ, iye owó, orúkọ àwọn tó ti san àsansílẹ̀ fún aṣọ ìgbéyàwó oṣù Kejìlá, gbogbo rẹ̀ wà lórí Instagram àti WhatsApp. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti àkáùntì yẹn pa, tàbí tí fóònù bá sọnù nínú mọ́tò, ta lẹ máa bi pé ta ló san kí ni? Ìdí nìyí tí àwọn kan fi fẹ́ kí ìwé ọjà wọn wà lábẹ́ òrùlé ara wọn. Ìdí gidi ni.

Wàhálà wá ni pé, SIM tí ẹ fi sínú MiFi tàbí router máa ń jẹ́ kí ẹ jáde lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kì í sábà jẹ́ kí ẹlòmíì wọlé wá bá yín. Ẹ fojú inú wo agbo ilé ńlá kan tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Tí ọmọ ilé bá ránṣẹ́ jáde, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á rántí, á sì jẹ́ kí èsì wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àlejò tó kàn yọjú, tó ní òun ń wá bọ̀ọ̀dá tó ní kọ̀ǹpútà, wọn á ní kó máa lọ. Èèyàn pọ̀ nínú ilé, wọn ò mọ èyí tó ń wí. CGNAT ni àwọn onímọ̀ ń pe ètò yìí: ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń pín àdírẹ́sì IP kan lò.

Ìwà ahun kọ́ ló fà á. Àdírẹ́sì IPv4 tó wà láyé ò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 2011 ni wọ́n pín èyí tó kù nínú àpótí àpapọ̀ tán. AFRINIC, tó ń pín tiwa ní Áfíríkà láti orílẹ̀-èdè Mauritius, ti ń ṣọ́ èyí tó kù lò: láti oṣù Kìíní 2020, kì í fún ilé-iṣẹ́ ní ju 1,024 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ilé-iṣẹ́ fóònù tó ní oníbàárà lọ́nà mílíọ̀nù, báwo ni yóò ṣe fún yín ní odindi kan ní ọ̀fẹ́?

Ẹ lè yẹ tiyín wò lálẹ́ òní. Ẹ wọ ojú ìwé router yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ WAN IP sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá "what is my IP" lórí Google. Tí nọ́ńbà méjèèjì ò bá jọra, ẹ wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà elòmíràn nìyẹn. Tí ti router bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 títí dé 100.127, kò tún sí iyèméjì: wọ́n ya àwọn nọ́ńbà yẹn sọ́tọ̀ fún CGNAT ní 2012.

Ó dáa, kí ló wà nílẹ̀ fún wa? Fáíbà tó ń wọ ilé, Èkó àti Ìbàdàn ló pọ̀ sí. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ókè-Ògùn, SIM ni, àbí Starlink. Tí ẹ bá fẹ́ IP gidi lórí SIM, ẹni tó ń ta SIM lábẹ́ agboòrùn ò lè ràn yín lọ́wọ́ o. Ẹ̀ka tó ń tajà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì múra owó.

Starlink wọ Nàìjíríà ní oṣù Kìíní 2023, àwa la sì kọ́kọ́ gbà á ní Áfíríkà. Ọ̀dàn wa dára fún un, torí ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀, igi ò ṣú bo òrùlé bíi ti inú igbó kìjikìji. Kìkì pé tí ilé yín bá fara ti òkè, bí àwọn tó wà nísàlẹ̀ Àsabàrí ní Ṣakí, kí ẹ kọ́kọ́ fi áàpù wọn wo ojú ọ̀run kí ẹ tó sanwó. Síbẹ̀, CGNAT náà ni ètò ilé wọn ń lò. Ètò àwọn oníṣòwò, tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ẹ ti lè yan IP gbangba. Wọ́n ń fúnni ní IPv6, tí kò lè tán bọ̀rọ̀, àmọ́ oníbàárà tó ń bọ̀ wá bá yín náà gbọ́dọ̀ ní IPv6 lórí fóònù tirẹ̀. Ẹni tí kò ní in ò ní rí yín.

Ẹ má sì gbàgbé iná. Tí àwo Starlink bá ń jẹ watt 60, ó di 1,440 watt-wákàtí lójúmọ́. Bátìrì sólà 12V tó jẹ́ 100Ah, 1,200 péré ló gbà nígbà tó kún dẹ́nu. Kò tó ọjọ́ kan tí NEPA ò bá mú un wá. Server fúnra rẹ̀ ò ṣòro: fóònù Android àtijọ́ tí ẹ fi Termux sí lè ṣe é, ó sì ní bátìrì tirẹ̀ nínú. Kí ẹ ṣáà máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, tí bátìrì bá ti ń wú, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí iná kíá.

Dátà ńkọ́? Fọ́tò kan tó jẹ́ 3MB, tí oníbàárà 200 bá wo mẹ́wàá mẹ́wàá, 6GB ti lọ nìyẹn. Ẹ fún fọ́tò pọ̀ sí 300KB, ó di 600MB. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni, ó sì ń gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ ìnáwó.

Èrò tèmi rèé, ẹ lè bá mi jiyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò nílò IP gbangba. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin àti ará ilé nìkan lẹ fẹ́ wo ìwé ọjà láti ọ̀nà jíjìn, Tailscale tó. Tó bá jẹ́ gbogbo ayé ló gbọ́dọ̀ rí ṣọ́ọ̀bù yín, Cloudflare Tunnel wà, ọ̀fẹ́ ni láti 2021. Server yín ló máa nawọ́ jáde sí wọn, wọ́n á wá máa mú àlejò gba ọ̀nà yẹn wọlé. Ẹ máa ní orúkọ domain tiyín, ẹ sì máa gbà pé ọwọ́ Cloudflare ni gbogbo àlejò ń gbà kọjá. Ẹni tí ìyẹn ń bí nínú, kó lọ ra IP. Mo lóye rẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nílé, bóyá ẹ̀yin ọmọ Oke-Ogun Polytechnic tẹ́ ẹ gba yàrá pọ̀, ẹ ò tilẹ̀ nílò ilé-iṣẹ́ kankan. Ẹ fi Kiwix gbé Wikipedia sórí server, kí gbogbo fóònù inú ilé máa kà á lórí Wi-Fi láìná dátà kan.

Fún ẹni tó ṣì fẹ́ rà á, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí wọn kí ẹ tó san kọ́bọ̀: "Ṣé ẹ ń fúnni ní IP gbangba? Ṣé ó ń yí padà? Èwo nínú àwọn port lẹ dí? Ṣé àdéhùn yín gba server nílé? Eélòó ni upload, níbo sì ni FUP ti ń bẹ̀rẹ̀?" Orí ímeèlì tàbí WhatsApp ni kẹ́ ẹ ti béèrè, kì í ṣe lórí ìpè, kẹ́ ẹ lè rí èsì náà fi hàn wọ́n lọ́jọ́ tí port bá ṣàdédé tì.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ ṣe lè ra orúkọ .ng fún ṣọ́ọ̀bù yín. Ó dìgbà náà.